Frederick Patterson: Ẹni Dúdú Àkọ́kọ́ Tí Ilé-iṣẹ́ Rẹ̀ Ṣe Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ ní Amẹ́ríkà

Bí ènìyàn bá rìn kiri àwọn ọgbà mẹkáníìkì ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, bí ó bá kọjá sí Kútọnu, kódà bí ó bá gba etí òkun lọ títí tí ó fi dé Libreville ní ilẹ̀ Gabon, ohun kan wà tí kò ní ṣàì rí. Yóò rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí àwọn òyìnbó ti lò gbó kí wọ́n tó tà á sí wa, tí ó wà ní ilẹ̀ gbalaja bí ẹran tí a kun. Ẹnì kan ti tú ẹ́ńjìnì rẹ̀ sílẹ̀, ẹlòmíràn ń lu ara rẹ̀ tí ó ti wọ́, ẹnì kẹta ń rán awọ àga rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ náà yóò dìde, yóò sì máa sáré lójú títì bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni a ti mọ irú iṣẹ́ yìí. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí ọkọ̀ tuntun ti pọ̀ bí yanrìn, àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń wá ọkọ̀ àtijọ́ kiri, àwọn tí a ti ṣe ṣáájú ọdún 1949. Wọn yóò wọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde láti inú abà tí ó ti ń dípẹtà, wọn yóò bó o sí ìhòòhò títí yóò fi ku irin abẹ́ rẹ̀ nìkan, wọn yóò yọ ẹ́ńjìnì àtijọ́ dànù, wọn yóò sì fi èyí tí ó lágbára rọ́pò rẹ̀. Wọn yóò fún un ní bíréèkì tuntun, àga tuntun, àti ọ̀dà tí ń dán bí dígí. Ṣùgbọ́n ìrísí tí àwọn baba wọn mọ̀ ọ́n sí ni wọn yóò fi sílẹ̀ fún un. Street rod ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1970, àwọn tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà kó ara wọn jọ láti ọ̀nà jíjìn sí ìlú Peoria ní ìpínlẹ̀ Illinois, kí olúkúlùkù lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han ẹnì kejì. Ohun ìyangàn ni fún wọn pé ẹni tí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ àlòkù di ohun àrà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ àti àwa tí a fẹ́ ìlọsíwájú ilẹ̀ yìí bi ara wa. Ẹni tí ó lè tú ọkọ̀ palẹ̀ kí ó sì tún un tò, kí ni ó kù tí kò jẹ́ kí ó ṣe ọkọ̀ tirẹ̀? Ṣé ọgbọ́n ni kò tó ni, tàbí owó, tàbí àwọn tí yóò ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọkùnrin dúdú kan gbé ìbéèrè yìí wò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1915. Kò fi ẹnu dáhùn rẹ̀, ọwọ́ ni ó fi dáhùn. Frederick Douglas Patterson ni orúkọ rẹ̀, ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sì ni a fẹ́ sọ lónìí.

BABA TÍ Ó BÍ I

A kò lè sọ ìtàn ọmọ yìí kí a má sọ ti baba rẹ̀, nítorí orí ìpìlẹ̀ tí baba fi lélẹ̀ ni ọmọ kọ́lé lé. Charles Richard Patterson ni baba náà ń jẹ́. Ní ọdún 1833, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń mì tìtì tí ogun sì ń tú àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá ká, ni a bí Charles sí oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ní ilẹ̀ yẹn nígbà náà, ọmọ tí ẹrú bá bí, ẹrú ni; ẹni tí ó ni ín lè tà á bí ẹni ta ewúrẹ́.

Ṣùgbọ́n Charles kò kú sí oko ẹrú. Ó bọ́ sí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Greenfield ní ìpínlẹ̀ Ohio, níhà àríwá odò tí ó pààlà láàrin ilẹ̀ tí a ti ń kó ènìyàn lẹ́rú àti ilẹ̀ tí òfin kò ti gba irú ìwà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Greenfield wà lára àwọn tí ó kórìíra òwò ẹrú, wọ́n sì a máa ran àwọn tí ó bá sá àsálà lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni Charles ti kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ó bá ilé-iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà, ó sì mọ iṣẹ́ náà débi pé ó di ẹni tí a ń fi iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn sí abẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1873, Charles àti òyìnbó kan tí ń jẹ́ J. P. Lowe da owó pọ̀, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò. Ọdún mẹ́jọ péré ni ó tíì kọjá tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí, tí òfin sì tú gbogbo ẹrú sílẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Ogún ọdún ni àwọn méjèèjì fi ṣe pọ̀. Ní ọdún 1893, ọdún náà gan-an tí àwọn ọmọ ogun Kírìjì tú ká lójú ogun níhìn-ín, Charles ra ìpín Lowe, ó sì sọ ilé-iṣẹ́ náà ní C. R. Patterson àti Àwọn Ọmọ. Ẹni tí a bí lẹ́rú wá di ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́, tí ó sì ń san owó iṣẹ́ fún dúdú àti funfun.

Ọkọ̀ ẹṣin tí ó ń ṣe kì í ṣe irú kan. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń wọlé bọ̀, irú méjìdínlọ́gbọ̀n ni ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì tó márùndínlógójì sí àádọ́ta. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ọkọ̀ kékeré tí àwọn dókítà ń wọ̀ lọ sí ilé àwọn aláìsàn, nítorí pé ó bò dáadáa, òjò kì í sì í pa ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Iyì iṣẹ́ náà wà nínú igi tí ó gbẹ dáadáa, irin tí a rọ tí kò sán, àti ọ̀dà tí a kùn ní ìpele ìpele. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀ dáadáa kì í bèèrè àwọ̀ ara ẹni tí ó ṣe é.

OLÙKỌ́ TÍ Ó PADÀ SÍ ARỌ

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1871 ni a bí Frederick. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ orúkọ tí a sọ ọ́, Frederick Douglas, yóò rántí akọni ọkùnrin dúdú nì tí ó sá kúrò ní oko ẹrú tí ó sì di agbẹnusọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìwé ni baba rẹ̀ kọ́kọ́ rán an lọ kà. Ó parí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Greenfield ní ọdún 1888, òun sì ni ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio. Ní ọdún 1891 ó wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ náà, irú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá mú sáré. Kò sì sí ẹni dúdú kankan tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òyìnbó, yàn án ṣe olórí.

Ní ọdún 1893 ó kúrò ní yunifásítì nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó gba oyè. Ó lọ sí ìlú Louisville ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ó ń kọ́ àwọn ọmọ dúdú ní ẹ̀kọ́ ìtàn. Iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́ iṣẹ́ ọlá láàrin àwọn dúdú Amẹ́ríkà nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láàrin wa; bí kò bá sí ìdí, kò bá ti dàgbà sínú rẹ̀, kí ó sì fi orúkọ rere sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n ìdí dé. Arákùnrin rẹ̀ Samuel, tí ó dúró ti baba wọn nínú iṣẹ́ náà, ṣàìsàn, ó sì kú ní ọdún 1899. Baba ti di arúgbó. Frederick fi ẹfun àti pátákó sílẹ̀, ó padà sí Greenfield, sínú èéfín arọ àti òórùn ọ̀dà. Kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé ni irú èyí rọrùn fún. Ọ̀pọ̀ ni yóò rò pé ẹni tí ó ti dé yunifásítì kò yẹ kí ó tún fọwọ́ kan òòlù mọ́. Frederick kò rò bẹ́ẹ̀. Ó mú ìwé tí ó kà wọ inú iṣẹ́ ọwọ́ baba rẹ̀, àpapọ̀ méjèèjì ni ó sì sọ ọ́ di ẹni ìtàn. Ní ọdún 1910 baba náà kú, gbogbo ẹrù ilé-iṣẹ́ sì bọ́ sí ọrùn ọmọ.

ÀTÚNṢE NI Ó ṢÁÁJÚ

Àkókò tí ẹrù náà bọ́ sí i lọ́rùn kò dára fún ẹni tí ń ṣe ọkọ̀ ẹṣin. Ní ọdún 1886 ni Karl Benz ti gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ tí ń fi ẹ́ńjìnì rìn ní ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1908 ni Henry Ford gbé ọkọ̀ rẹ̀ tí a ń pè ní Model T jáde ní Detroit. Ní ibẹ̀rẹ̀, ohun ìṣeré àwọn olówó ni àwọn ará abúlé Ohio pe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n Frederick ń wo ojú títì. Bí ọdún ti ń yí, ọkọ̀ tí kò ní ẹṣin níwájú ń pọ̀ sí i, àwọn tí ń béèrè ọkọ̀ ẹṣin sì ń dín kù. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ẹṣin ní Amẹ́ríkà ni ó káwọ́ gbera títí ilẹ̀kùn wọn fi tì.

Ọ̀nà tí Frederick gbà yọ nínú ewu yìí ni ó mú kí ìtàn rẹ̀ yẹ ní kíkà fún wa. Kò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójijì. Àtúnṣe ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìgbà náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ọkọ̀ ẹṣin lára: pákó ni ara wọn, awọ ni àga wọn, aṣọ ni ìbòrí wọn, ọ̀dà wọn a sì tètè ṣá. Gbogbo èyí ni àwọn ọmọṣẹ́ Patterson mọ̀ bí ẹni mọ ojú ilé baba rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà polówó pé kí ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti gbó mú un wá, àwọn yóò tún un kùn, àwọn yóò tún àga rẹ̀ rán. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ wáyà iná àti ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ wò.

Báyìí ni iṣẹ́ àtúnṣe fi di ilé-ẹ̀kọ́ fún wọn. Ọkọ̀ ẹlòmíràn tí ó bàjẹ́ ni ìwé tí wọ́n kà. Ẹni tí ó bá tú ogún ọkọ̀ palẹ̀ yóò mọ èyí tí a ṣe dáadáa àti èyí tí a fi ẹ̀tàn ṣe. Yóò mọ ibi tí ó ń kọ́kọ́ ṣẹ́, ibi tí omi ń gbà wọlé, àti ohun tí àwọn oníbàárà ń ráhùn sí. Kò sí yunifásítì tí ó ń kọ́ni ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àlòkù ọkọ̀ ni ó kọ́ Patterson bí a ti ń ṣe ọkọ̀ tuntun.

ỌJỌ́ TÍ ỌKỌ̀ NÁÀ JÁDE

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1915, ọdún kan lẹ́yìn tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ti Patterson jáde ní Greenfield. Patterson-Greenfield ni wọ́n sọ ọ́, kí orúkọ ìdílé àti orúkọ ìlú lè jọ máa rìn. Irú méjì ni wọ́n ṣe: ọ̀kan kékeré tí ó wà fún ènìyàn méjì, èkejì tí ó gùn tí ìdílé lè wọ̀ pọ̀. Ilé-iṣẹ́ Continental ni wọ́n ti ra ẹ́ńjìnì rẹ̀, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ọgbọ̀n ẹṣin. Ó lè sá tó máìlì 50 ní wákàtí kan. Iná mànàmáná ni ó ń ta ẹ́ńjìnì náà jí, kì í ṣe ọ̀pá tí a ń fi ọwọ́ yí títí apá yóò fi fẹ́ yẹ̀; iná mànàmáná náà ni ó sì ń tàn níwájú rẹ̀ lálẹ́. Dígí iwájú rẹ̀ pín sí méjì, kí atẹ́gùn lè wọlé bí ooru bá mú. Dọ́là 685 ni iye rẹ̀.

Àwọn kan lè wí pé níwọ̀n ìgbà tí ó ti ra ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kéékèèké ìgbà náà ni ó ń ra ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ Continental, kò sì sí ẹni tí ó bú wọn nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó se ọbẹ̀ kò nílò kí ó jẹ́ òun ni ó gbin ata. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú mímọ ohun tí ó yẹ ní rírà àti ohun tí ó yẹ kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, àti nínú síso wọn pọ̀ kí wọ́n lè jẹ́ ọ̀kan.

Ilé-iṣẹ́ yìí ni àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ti ẹni dúdú tí ó ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Amẹ́ríkà, kò sì sí òmíràn bí i rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ayé rẹ̀. Òkìkí Frederick kàn láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò dúdú tí Booker T. Washington dá sílẹ̀ ní ọdún 1900, a yàn án ní igbákejì ààrẹ.

NÍBI TÍ ỌWỌ́ KÒ TÓ

Àwa tí a ń sọ ìtàn ẹni ńlá kò gbọdọ̀ fi ibi tí ó ti kọsẹ̀ pamọ́. Ọkọ̀ Patterson dára, ṣùgbọ́n kò rí ọjà tó. Gbogbo èyí tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe kò ju 150 lọ, àní lẹ́nu àwọn tí ó ka iye rẹ̀ sí púpọ̀ jù lọ. Nígbà tí ọdún 1918 ń parí lọ, ó ti dá iṣẹ́ náà dúró.

Kí ni ó fà á? Ẹ jẹ́ kí a wo Detroit. Ní ọdún 1913, Ford ti ṣètò ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà tuntun. Dípò kí òṣìṣẹ́ máa rìn yí ọkọ̀ ká, ọkọ̀ ni ó ń rìn kọjá níwájú òṣìṣẹ́, olúkúlùkù sì ń de ìdè kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀. Irin abẹ́ ọkọ̀ tí ó ti ń gba wákàtí méjìlá láti tò pọ̀ wá ń gba nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀. Nígbà tí Patterson ń ta tirẹ̀ ní dọ́là 685, ọkọ̀ Ford tí ìdílé lè wọ̀ jẹ́ dọ́là 440. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1916, ó ti wálẹ̀ sí dọ́là 360. Láàrin ọdún kan, Ford a máa ṣe ju 500,000 ọkọ̀ lọ.

Báwo ni ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju àádọ́ta lọ yóò ti bá irú agbára bẹ́ẹ̀ jà? Láti kọ́ irú ilé-iṣẹ́ ti Ford, owó ńláńlá ni ó gbà, owó bẹ́ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ báńkì àti àwọn olówó tí kì í ṣí àpò wọn fún ẹni dúdú ní ayé ìgbà náà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ì bá ra ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ṣì ń roko olóko ní Gúúsù. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ó ní owó jù ú lọ ni Ford àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé mì láàrin ọdún wọ̀nyẹn. Kì í ṣe òye ni Patterson kò ní. Ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ pé. Ohun tí kò pé ni owó tí yóò gbé ọgbọ́n náà dúró.

ỌKỌ̀ TÍ Ń KÓ ỌMỌ LỌ SÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Ẹlòmíràn ì bá ti jókòó sunkún. Frederick tún wo ojú títì lẹ́ẹ̀kejì. Ó rí i pé bí a kò bá lè bá Ford díje, a lè ṣe ohun tí Ford kò ráyè ṣe. Ford àti àwọn mìíràn ń ta irin abẹ́ ọkọ̀ ńlá pẹ̀lú ẹ́ńjìnì rẹ̀ láìní ara. Ẹni tí ó bá rà á ni yóò wá ẹni tí yóò kan ara lé e lórí. Ní ọdún 1920 ilé-iṣẹ́ náà yí orúkọ padà, ó sì gbájú mọ́ kíkan ara bọ́ọ̀sì àti ara ọkọ̀ akẹ́rù.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Irú rẹ̀ ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ṣe ní ilẹ̀ yìí nígbà tí wọ́n ń kan ara pákó lé orí irin lọ́rì tí ó ti Ìlú Ọba wá, tí a sì ń pè é ní bọ̀lẹ̀kájà. Iwájú ọkọ̀ jẹ́ ti òyìnbó, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ tiwa. Ohun tí ìtàn ti Greenfield fi kún un ni pé ẹni tí ó mójú tó iṣẹ́ náà níbẹ̀ lo ìwé àti ìṣirò mọ́ òòlù àti ayùn, ó sì sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń wá.

Ní àkókò yẹn, àwọn ìlú kéékèèké ní Ohio ń pa àwọn ilé-ẹ̀kọ́ abúlé oníyàrá kan pọ̀ di ilé-ẹ̀kọ́ ńlá, ó sì di dandan kí ọkọ̀ máa kó àwọn ọmọ láti oko wá. Patterson ni ó kan púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí. Ẹ wo bí ayé ti ń yí. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nítorí ọkọ̀, ọkọ̀ náà ni ó wá ń kó ọmọ lọ bá olùkọ́ láràárọ̀. Ọmọ òyìnbó àti ọmọ dúdú jókòó sórí àga tí ọmọ ẹni tí a bí lẹ́rú ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀.

Ní ọdún 1929 ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dojú dé. Owó wọ́n, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì ti ń fi irin ṣe ara bọ́ọ̀sì lódindi. Nínú ìnira yìí ni Frederick Patterson kú ní ọdún 1932, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún. Ọmọ rẹ̀ Postell gba iṣẹ́ náà, ó sì kó o lọ sí ìlú Gallipolis lẹ́bàá odò Ohio ní ọdún 1938, ṣùgbọ́n ní ọdún 1939 ilẹ̀kùn rẹ̀ tì pátápátá. Láti ọdún 1873 tí baba àgbà fi bẹ̀rẹ̀ títí di ìgbà tí ọmọ-ọmọ parí rẹ̀, ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rin ni.

OHUN TÍ Ó ṢẸ́KÙ

Ọdún 1932 tí Patterson kú náà ni Ford gbé ọkọ̀ rẹ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ V8 jáde. Ọkọ̀ yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tú palẹ̀ jù lọ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n gé e kúrú, wọ́n fi ẹ́ńjìnì líle sí i, wọ́n sì fi í sáré lórí ilẹ̀ gbígbẹ ní California. Nínú eré yẹn ni àṣà street rod tí a mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀ ti wá. Títí di òní, ẹni tí ó bá ní sùúrù lè rí ara ọkọ̀ Ford ọdún 1932 rà. Bí kò bá sì rí ògidì, àwọn kan wà tí ń ṣe àfarawé rẹ̀ tà.

Ti Patterson kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ẹṣin tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ṣì wà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Patterson-Greenfield, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí a mọ̀ pé ó kù lórí ilẹ̀ ayé. Àwòrán àti ìwé ìpolówó ni a fi ń mọ̀ pé wọ́n wà rí. Àwọn tí ń wá ọkọ̀ àtijọ́ nínú abà kò tíì bá a pàdé. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni lè bọ́ sí ìhòòhò kí ó sì tún jí dìde.

Ní ọdún 2021, ilé ìrántí àwọn akọni iṣẹ́ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà fi orúkọ Charles àti Frederick Patterson kún ti àwọn ẹni ńlá tí ó wà níbẹ̀. Ìlú Dearborn, tí ó jẹ́ ìlú Ford, ni ilé náà wà. Ọlá náà pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé.

Kí ni ìtàn yìí wí fún wa? Ó kọ́kọ́ wí fún àwa olùkọ́ pé kí a má ṣe kọ́ ọmọ láti máa fi ojú kékeré wo iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ tí ó ń bẹ lábẹ́ ọkọ̀ nínú ọgbà mẹkáníìkì, tí epo ti rin aṣọ rẹ̀, ó ń ka ìwé kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò lè kà. Ohun tí ó kù ni kí ẹnì kan kọ́ ọ ní ìṣirò àti àwòrán iṣẹ́, kí ó lè kọ ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Ó tún wí fún àwọn tí ó ń ṣe àkóso ìlú àti àwọn olówó wa pé ọgbọ́n nìkan kò kọ́ ilé-iṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bí ọlọ́gbọ́n bá dìde láàrin wa tí a kò yá a ní owó, tí a kò sì ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, àwa náà yóò máa sọ ìtàn ohun tí kò sí mọ́, àwòrán rẹ̀ nìkan ni yóò sì kù tí a óò fi han àwọn ọmọ wa. Láti oko ẹrú ni ìdílé Patterson ti rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Àwa tí ilẹ̀ wa wà lọ́wọ́ wa, kí ni àwáwí wa?